Òjóbó orí gíráàfù nìkan kò sọ wáyà DNA di mẹ́mórì

Èrò ọkàn mi rèé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ o: iṣẹ́ àwọn tó ń fi A, T, G àti C kọ fáìlì sínú DNA kọ́ ni mò ń sọ. Ohun tí mò ń sọ ni kí okùn DNA fúnra rẹ̀ di wáyà, kí wáyà náà sì máa rántí iná tó gba inú rẹ̀ kọjá kẹ́yìn. Mo gbà pé ó ṣeé ṣe. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá gbé gíráàfù iná àti fólítéèjì tó rí bí òjóbó (ìlà àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kò gba ojú kan náà) síwájú mi pé mẹ́mórì rèé, omi àti iyọ̀ ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.

DNA lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé iná. Ní 1998, Braun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Technion, Ísírẹ́lì, fi fàdákà bo okùn DNA tí wọ́n nà láàárín ẹsẹ̀ wúrà méjì tí iná ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde. Iná kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n fàdákà ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń gbé e, wáyà ọ̀hún sì nípọn tó nǹkan bí 100 nánómítà, bẹ́ẹ̀ DNA fúnra rẹ̀ ò ju 2 lọ. M-DNA, ìyẹn DNA tó ní irin nínú, tí Jeremy Lee àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní University of Saskatchewan, Kánádà, yàtọ̀ síyẹn, nítorí inú ni irin ń wọ̀. Ẹ gbé DNA sínú omi Tris (kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí pH tètè yí) tí pH rẹ̀, òǹkà tó ń fi bí omi ṣe kan tó hàn, wà láàárín 8.5 sí 9, kí ẹ fi nickel, zinc tàbí cobalt sí i. Ion irin náà, ìyẹn átọ́ọ̀mù rẹ̀ tó ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, á lé háídrójìn kan kúrò láàárín lẹ́tà méjì tó dojú kọra, á sì jókòó sípò rẹ̀. DNA rí bí àkàbà, lẹ́tà méjì tó dojú kọra ló sì jẹ́ àtẹ̀gùn rẹ̀ kan. Àtẹ̀gùn kan sí èkejì jẹ́ 0.34 nánómítà, nítorí náà máíkírómítà 1 (nánómítà 1,000) ní àyè bí 2,900 fún irin.

Nickel ló bá mẹ́mórì mu jù, torí Ni²⁺ lè pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan kó di Ni³⁺. Fólítéèjì tó kọjú síbì kan á tì í lọ, èyí tó kọjú sódì á dá a padà, bí iná ṣe ń rọrùn láti kọjá á sì máa yí tẹ̀lé e. Fólítéèjì kékeré tí kò ní da ohun tí a kọ rú ni a fi ń kà á.

Níbo ni nǹkan ti ń bàjẹ́? Látinú ìgò DNA gan-an! DNA tí a rà sábà máa ń wà nínú TE, omi Tris tó ní EDTA, kẹ́míkà tó ń gbá irin mú, tó tó 1 mM (mM ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe pọ̀ tó nínú omi). EDTA kan máa ń gbá nickel kan mú, kò sì ní jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá da nickel 0.5 mM sínú rẹ̀, kò fi nǹkan kan sí DNA lẹ́nu. Ẹ kọ́kọ́ fọ EDTA kúrò. Ẹ má sì lo omi fọ́síféètì, torí nickel á dì mọ́ ọn, á rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ dé ìgò náà pa pẹ̀lú: káríbọ́ọ̀nù dáyọ́ọ̀sáìdì inú afẹ́fẹ́ ń wọ omi, ó ń fa pH wálẹ̀, irin á sì máa jáde.

Láti mọ̀ bóyá ó wọlé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi ethidium bromide díẹ̀ sí i. Aró yìí máa ń há sáàárín àtẹ̀gùn DNA, á sì tàn. Bí M-DNA bá ti dúró, kò ráyè wọlé, ìmọ́lẹ̀ á lọ sílẹ̀. Ẹ wá fi EDTA tó pọ̀ ju nickel lọ sí i. Bí ìmọ́lẹ̀ bá padà, irin ló wà níbẹ̀. Bí kò bá padà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé okùn méjèèjì tó so pọ̀ di DNA ti tú kúrò lára ara wọn.

Ó kan òjóbó wàyí. Bí omi Tris àti nickel bá gbẹ sáàárín ẹsẹ̀ wúrà, iyọ̀ tó kù á fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, iná á sì gba orí rẹ̀ kọjá láìfọwọ́ kan DNA rárá. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: nickel láìsí DNA, DNA láìsí nickel, àti èyí tó ní méjèèjì. Bí àkọ́kọ́ náà bá ń ya òjóbó, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Ẹ wo ibi tí fólítéèjì ti jẹ́ òdo: mẹ́mírísítọ̀, ìyẹn wáyà tó ń rántí iná tó gba inú rẹ̀ kọjá, gbọ́dọ̀ kọjá ní òdo gan-an, kí òjóbó rẹ̀ há níbẹ̀. Bí iná bá ṣì ń ṣàn lójú òdo, ẹrù iná tí omi tọ́jú pamọ́ lẹ ń rí. Ẹ tún yára fa fólítéèjì náà: òjóbó ti mẹ́mírísítọ̀ á máa kéré sí i, ti omi á máa fẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ 1 sí i, kí ẹ yọ iná, kí ẹ gbé e sínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, kí ẹ padà kà á lẹ́yìn wákàtí kan, ọjọ́ kan, ọ̀sẹ̀ kan. Fíláàṣì tí a fi ń ṣe mẹ́mórì fóònù ń di ohun tí a kọ sí i mú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gíráàfù ọ̀sẹ̀ kan yẹn ni mo fẹ́ rí kí n tó bá ẹnikẹ́ni pàtẹ́wọ́.