Àmì dúdú inú ìwé Franklin

Ẹ ṣé tí ẹ kọ nípa ìtàn ìgbésí ayé tí Benjamin Franklin, òṣèlú àti òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ìwà rere 13 tó fẹ́ fi kọ́ra, tí ẹ tò yẹn, dára, àmọ́ ìwé kékeré tó fi ń ṣọ́ ara rẹ̀ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ìwà kan lọ́sẹ̀ kan. Ọjọ́ tó bá kùnà, á fi yíǹkì sàmì dúdú síbẹ̀. Èmi náà ti fàlà tèmi sẹ́yìn ìwé tí mo ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí. Ìdákẹ́jẹ́ ló le jù fún mi, pàápàá tẹ́nìkan bá dúnàádúrà títí tí kò sì rà. Ti Franklin, ṣíṣe nǹkan létòlétò ló le jù. Ìrẹ̀lẹ̀ kò tilẹ̀ sí nínú 12 àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló là á mọ́lẹ̀ fún un pé wọ́n ń pè é ní agbéraga, ló bá fi kún un. Ta ló jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá lọ́dọ̀ tiwa?