Jíjìn ilẹ̀ kọ́ ló ń sọ bí òkúta ṣe le tó

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá kan tún sọ ọ́ létí mi: "Ẹ ṣáà máa gbẹ́ lọ, bí ilẹ̀ bá ṣe ń jìn ni òkúta ń le." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹni tó ń gbẹ́ kànga n'Íbàdàn lè sọ bẹ́ẹ̀, àpáta ló máa bá nísàlẹ̀. Ewékorò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kì í ṣe Ìbàdàn.

Òkun ló to ilẹ̀ Ewékorò ní ìpele-ìpele. Ilẹ̀ pupa wà lókè, amọ̀ tó gan di òkúta pẹlẹbẹ tẹ̀ lé e, òkúta ẹfun tí wọ́n ń lọ̀ fún sìmẹ́ńtì wá wà lábẹ́ ìyẹn, bíi mítà 12 péré ní kúárì. Lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Yanrìn ni! Àárín ló le jù.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìgbàgbọ́ yìí ti wọ inú ìwọ̀n tí à ń ṣe. A ó to jiófóònù, ẹ̀rọ kéékèèké tó ń gbọ́ ìró inú ilẹ̀, sílẹ̀, a ó fi òòlù ńlá lu irin pẹlẹbẹ, a ó sì ka bí ìró ṣe tètè dé ọ̀dọ̀ wọn, torí ìró máa ń yára jù nínú ohun líle. Nínú ilẹ̀ gbígbẹ tó rọ̀, ìró lè má rìn tó mítà 700 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú òkúta ẹfun tó dáa, ó lè kọjá 4,000. Ṣùgbọ́n ìró tó sáré gba inú ibi líle ló ń kọ́kọ́ padà sókè. Ìpele rírọ̀ tó sá pamọ́ sábẹ́ líle kì í fara hàn rárá. Omi náà ń tan ni jẹ: yanrìn tó mu omi yó lè mú kí ìró kọjá 1,500, kò sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ojú mi ló ṣe. Àwòrán tí a fi ìwọ̀n náà yà ní líle ni dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí a gbẹ́ ibẹ̀, òkúta tó jáde ò ju mítà 9 lọ, yanrìn tútù ló kù tó ń dà sínú àpótí tí a ń to òkúta sí. Látọjọ́ náà, n kì í gba ìwọ̀n orí ilẹ̀ nìkan. Ẹ sọ ẹ̀rọ ìró sínú ihò, kó ka ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé lára òkúta tó jáde, ẹ tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ títí á fi fọ́, kí ẹ wá fi èyí wé èyí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn awakùsà èédú ní Bowen Basin, Queensland, l'Australia, ṣe fi ìyára ìró mọ agbára òkúta tó wà lórí èédú wọn, láti àwọn ọdún 1980. Ìṣirò tiwọn kò ṣeé gbé wá fún òkúta ẹfun wa, a ní láti fọ́ tiwa.

Mo gbà pé ẹrù tó wà lókè máa ń há ìpele kan mọ́ra bó ṣe ń jìn. Ṣùgbọ́n inú ìpele kan náà ni o, kì í ṣe láti ìpele kan sí òmíràn.

Mo bi ọ̀gá náà pé ihò mélòó ló ti gbẹ́ kọjá òkúta ẹfun. Kò tíì gbẹ́ ẹyọ kan.