Èsì mi sí ọ̀gá tó fún wa ní ìràwọ̀ méjì lórí àwo 45 tó ń ta pàràpàrà

Ẹ kú iṣẹ́ o ọ̀gá mi, ẹ sì ṣé gan-an tí ẹ jókòó kọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn yín síbí, tí ẹ tún ya fótò mọ́ ọn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì yìí. Fún ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń kà á, ohun tí ọ̀gá sọ ni pé àwọn ra àwo orin soul 45 kan (àwo kékeré tó ń yí nígbà 45 ní ìṣẹ́jú kan) lọ́wọ́ mi, àwo onílébẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n tẹ̀ fún àwọn díjéè rédíò ní Amẹ́ríkà ní 1966, mo kọ VG+ sí i, ìyẹn àmì pé ó yẹ kó mọ́ létí, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn gbé e sórí ẹ̀rọ ó ń ta pàràpàrà látìbẹ̀rẹ̀, pé nọ́ńbà tó wà nítòsí bébà àárín ẹ̀ jẹ́ ìkọ ọwọ́, pé lẹ́tà ara lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ò jọ ti èyí tí ọ̀rẹ́ àwọn ní, torí náà àdàmọ̀dì ni mo tà fún àwọn, ó tún wá wọ́n gọbọi, bẹ́ẹ̀ orin náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò ní dárúkọ orin náà torí ẹ sọ pé ẹ fẹ́ fi ya bàbá yín lẹ́nu ni, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ ọ̀dọ̀ mi ni àṣírí á ti tú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ̀bi ti jẹ́ tèmi. Pàràpàrà tí ẹ gbọ́ yẹn, òótọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀rọ yín, kì í ṣe àwọn tó gbé e wá fún yín, èmi ni. Mo wo àwo yẹn lábẹ́ iná, ó ń dán, mi ò rí ibi tí nǹkan ti họ ọ́ lára, mo kọ VG+, mo gbé e kalẹ̀ mú òmíì. Mi ò gbọ́ ọ rárá. Bẹ́ẹ̀ styrene ni, ike líle kan tí wọ́n fi ń ṣe àwo, ẹni tó bá sì ti ń ta àwo soul Amẹ́ríkà fún ọdún díẹ̀ kò yẹ kó fi ojú nìkan díwọ̀n styrene láéláé, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, àwo ló pọ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tí mo wá ń kánjú. Ẹ má bínú. Ó dùn mí gan-an, pàápàá bó ṣe jẹ́ pé ẹ̀bùn ni.

Fún ẹni tí ò bá mọ ìyàtọ̀ styrene àti vinyl, ike kejì tí wọ́n fi ń ṣe àwo, vinyl ní tiẹ̀, ìṣù ike gbígbóná ni wọ́n máa ń kó sáàárín irin méjì, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ pẹ̀lú bébà àárín lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí bébà yẹn fi máa ń wọnú àwo bíi pé wọ́n bí wọn pọ̀. Styrene, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á fi agbára tì í wọnú irin tí wọ́n fi ń dà á, ìgbà tó bá gan tán ni wọ́n á wá fi gọ́ọ̀mù lẹ bébà mọ́ ọn. Tí ẹ bá fi èékánná kan etí ẹ̀ díẹ̀, styrene á dún kó-kó bí ike líle, ohùn vinyl á wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Vinyl á tẹ̀ díẹ̀ tí ẹ bá fọwọ́ méjèèjì mú un, styrene ò ní tẹ̀, ẹ má sì dán an wò o torí á kán mọ́ yín lọ́wọ́. Ibi tó wá burú sí ni pé styrene kì í fi ọgbẹ́ ẹ̀ han èèyàn. Abẹ́rẹ́ tó ti jẹ tán á ti máa fá inú ìlà ẹ̀ lọ láti ọjọ́ pípẹ́, síbẹ̀ ojú àwo á ṣì máa kọ yànrànyànràn bíi pé àná ni wọ́n gbé e jáde, ìgbà tí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ lé e lẹ tó máa mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí.

Ẹ sọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yín tó jẹ́ kí n káwọ́ lérí. Ẹ ní ariwo yẹn le jù níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀ẹ́, kí ìlù tó wọlé, lẹ́yìn ẹ̀ ó rọlẹ̀, ó wá ku kí ó máa hó ṣìì nígbà tí àwọn onífèrè bá fẹ fèrè sókè. Ọ̀gá, ẹ ti ṣe àyẹ̀wò náà tán fúnra yín. Iṣẹ́ díjéè nìyẹn. Ní ilé rédíò ayé ìgbà yẹn, kí orin tó ń lọ lọ́wọ́ tó parí, díjéè á ti gbé abẹ́rẹ́ lé ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn, á máa fọwọ́ yí àwo síwájú sẹ́yìn síwájú sẹ́yìn títí á fi rí ibi tí ohùn àkọ́kọ́ wà gan-an, á wá dì í mú síbẹ̀ dìgbà tó bá kàn án. Ẹ wá rò ó wò, kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ lórí styrene pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó wúwo, ibẹ̀ á jóná ni. Mo lọ ṣí fótò tí mo yà kí n tó fi àwo náà ránṣẹ́, mo fà á tóbi, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́: ní etí àwo níbi tí orin ti bẹ̀rẹ̀, òrùka tín-ín-rín kan wà tó ṣú bí eérú, kò fẹ̀ ju fọ́nrán òwú lọ, dúdú tó kù lára àwo ń dán, ibẹ̀ nìkan ni ò dán. Àwo rédíò ni, styrene ni, òrùka eérú wà létí ẹ̀. Àmì mẹ́ta ló wà níwájú mi, mi ò rí ẹyọ kan.

Lórí VG+ yẹn náà, kí n là á yé gbogbo èèyàn torí kì í ṣe ọ̀gá nìkan ló ti bi mí. Lórí ìwọ̀n ìwé ìròyìn Goldmine tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, VG ò túmọ̀ sí pé àwo dáa gan-an, àwo tí ẹ máa gbọ́ ariwo ẹ̀ lábẹ́ orin ni, VG+ ló yẹ kó mọ́ létí, Near Mint ló tún wà lókè ìyẹn. Àwọn ará Ìlú Ọba tó ń lo ti ìwé ìròyìn Record Collector, ohun tó sún mọ́ VG+ yẹn ni wọ́n ń pè ní Excellent. Ká ní mo gbọ́ àwo yín ni, VG ni ǹ bá kọ sí i, ǹ bá sì kọ ọ́ gbàgàdà pé ìbẹ̀rẹ̀ orin ti jóná, iye tí ǹ bá pè é ì bá sì yàtọ̀.

Àmọ́ àdàmọ̀dì ńkọ́? Rárá o ọ̀gá mi. Ibí yìí ni mo ti máa dúró gbọin, mo lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ẹ gbé fótò kejì tí ẹ fi síbí, ẹ wo ibi gbalasa tó wà láàárín ibi tí orin parí sí àti bébà. Nọ́ńbà àwo ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ ni àmì onígun mẹ́ta kékeré kan pẹ̀lú nọ́ńbà mìíràn lẹ́yìn ẹ̀, tí ẹ bá wá yí àwo náà díẹ̀ sí iná ẹ máa rí róbótó kékeré kan tí MR wà nínú ẹ̀. Monarch nìyẹn, ilé ìtẹ̀wo kan (ilé tí wọ́n ti ń tẹ àwo) ní Los Angeles. Onígun mẹ́ta yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ́, nọ́ńbà ẹ̀ sì ń lọ sókè ni bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, òun ni àwa tí a ń kó àwo fi ń mọ ìgbà tí wọ́n tẹ àwo kan. MR inú róbótó ni wọ́n fi irin lù. Torí náà ìkọ ọwọ́ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé nǹkan jẹ́ ayédèrú, ọ̀pọ̀ ojúlówó ló jẹ́ pé ẹni tó gé orin sára àwo ìpìlẹ̀ ló fi nǹkan ṣóńṣó kọ nọ́ńbà síbẹ̀. Àmọ́ àwo kan wà tó jẹ́ pé nọ́ńbà ara ojúlówó ẹ̀ ni wọ́n fi irin lù, tó bá wá jẹ́ ìkọ ọwọ́ lẹ rí lára ẹ̀ kí ẹ sá. Àwo kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, kò sí òfin kan tó ká gbogbo ẹ̀, ẹ ní láti mọ ti orin tí ẹ ń wá. Tí ẹ bá rí ARP, ti Archer, ilé ìtẹ̀wo kan ní Detroit, ni. Tí ẹ bá rí Bell Sound, ilé tí wọ́n ti gé orin ní New York ni. Mo fẹ́ràn ibi gbalasa yẹn ju orin lọ nígbà míì, ibẹ̀ ni àwo ti ń sọ ìtàn ara ẹ̀.

Ti lẹ́tà tí ò jọra, ìyẹn ò le. Àwọn ilé iṣẹ́ orin kéékèèké, tí a tún ń pè ní lébẹ́ẹ̀lì, ò ní ilé ìtẹ̀wo tiwọn, tí orin bá ti ń gbéra wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ilé méjì mẹ́ta káàkiri Amẹ́ríkà kí ó lè tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rà á, ibi kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ń bá a tẹ bébà, lẹ́tà lè tinrin níbì kan kó sanra níbòmíì, àwọ̀ lè pọ́n jura wọn lọ. Ti ọ̀rẹ́ yín lè jẹ́ vinyl, tiyín styrene, kí méjèèjì sì jẹ́ ojúlówó. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni kí etí lẹ́tà wú bíi ti bébà tí wọ́n ya fótò ẹ̀ kí wọ́n tó tún un tẹ̀, tàbí kí ẹ máa gbọ́ ariwo ibi tó họ nínú àwo tí ojú ẹ̀ mọ́ roro, torí pé orí àwo ẹlòmíì ni wọ́n ti gba orin náà, ariwo àwo onítọ̀hún lẹ ń gbọ́. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní tiyín náà mọ́ lójú tó sì ń pariwo. Ìdí tí mo ṣe ń tẹnu mọ́ òrùka eérú yẹn nìyẹn, ariwo tiyín wà níbi tí òrùka náà wà gẹ́lẹ́, ara àwo yẹn fúnra ẹ̀ ló ti wá.

Mi ò dá yín lẹ́bi pé ẹ bẹ̀rù ṣá. Òwò yìí ti rí àdàmọ̀dì rẹpẹtẹ. Àwọn ọ̀dọ́ apá àríwá Ìlú Ọba ló ń jó orin soul Amẹ́ríkà tí kò tà nílé, orin tí Dave Godin, akọ̀ròyìn orin kan, pè ní Northern Soul nínú ìwé ìròyìn ní 1970, ní Wigan Casino, ilé ijó kan tó ṣí ní 1973 tí wọ́n tì pa ní 1981, àwọn díjéè ibẹ̀ á lẹ bébà bo lébẹ́ẹ̀lì, wọ́n á fún olórin lórúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀ kí díjéè míì má bàa lọ wá a rà. Bí àṣírí bá tú báyìí, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi tẹ ayédèrú ẹ̀. Orin Frank Wilson, Do I Love You, Motown, ilé iṣẹ́ orin Amẹ́ríkà, tẹ̀ ẹ́ sórí lébẹ́ẹ̀lì wọn tó ń jẹ́ Soul ní 1965 ṣùgbọ́n wọn ò tà á síta, ẹ̀dà tó kù láyé ò tó nǹkan. Nígbà tí àwọn oníjó ń wá a lójú méjèèjì, àdàmọ̀dì jáde tí wọ́n kọ orúkọ olórin míì, Eddie Foster, sí. Ní 1979 Tamla Motown, lébẹ́ẹ̀lì Motown ní Ìlú Ọba, wá tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe yẹ. Ìyẹn jẹ́ mẹ́ta, ojúlówó, àdàmọ̀dì, àtúntẹ̀, orin kan náà. Ojúlówó yẹn, wọ́n ra ẹyọ kan ní pọ́n-ùn 25,742 ní 2009.

Ẹ sì bi mí pé kí ló dé tí nǹkan tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ fi wọ́n. Owó àwo ni o, kì í ṣe owó orin. Orin Darrell Banks, Open the Door to Your Heart, ta dáadáa ní Amẹ́ríkà ní 1966 lórí lébẹ́ẹ̀lì Revilot, ẹni tó bá wá a máa rí i. Ní Ìlú Ọba, lébẹ́ẹ̀lì Stateside ló jáde lé lórí, àmọ́ ẹ̀dà kan wà tó wà lórí lébẹ́ẹ̀lì London, wọ́n tà á ní 2014 ní owó tó lé ní pọ́n-ùn 14,000. Orin kan náà, ohùn kan náà, bébà àárín ló yàtọ̀. Síbẹ̀ mo gbà fún yín pé ẹni tó san owó àwo tó mọ́ létí ò yẹ kó gba èyí tó jóná, mi ò bá yín jiyàn ìyẹn.

Torí náà mo ti dá ìdajì owó yín padà láàárọ̀ yìí, kò dúró de ìpinnu yín. Tí ẹ bá fẹ́ dá àwo padà, ìdajì tó kù àti owó tí ẹ máa fi ránṣẹ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ tó bá dé. Ẹ fi páálí líle méjì há a láàárín, kí páálí fẹ̀ ju àwo lọ yíká, torí etí styrene ló máa ń kọ́kọ́ kán. Gbogbo styrene tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mo ti yọ wọ́n kúrò lórí àtẹ, mò ń gbọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí wọ́n tó padà síbẹ̀, ẹ máa rí i lára èyí tí mo bá ti gbọ́ pé mo gbọ́ ọ.

Tí ẹ bá sì máa dì í mú, abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu róbótó ni kí ẹ lò fún un, kó jẹ́ tuntun, ẹ má sì rì í sómi torí gọ́ọ̀mù ló mú bébà ẹ̀ dání. Nǹkan kan ṣì kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ bá mi gbọ́ ojú kejì ẹ̀. Mo wo fótò tèmi dáadáa, òrùka eérú ò sí níbẹ̀, ó jọ pé díjéè yẹn ò fọwọ́ kàn án. Orin tó rọra ń lọ ló wà níbẹ̀, bàbá yín tún lè fẹ́ràn ẹ̀ ju ti iwájú lọ. Ẹ kọ ọ́ síbí bó bá ṣe rí.