Ìyẹ́ kọ́ ló ń bà wá lẹ́rù

Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi lórí "Flying Girls" (Àwọn Ọmọbìnrin Tó Ń Fò), àwọn ère tí Péjú Alátiṣe, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Nàìjíríà, ṣe. Ẹ fi àwòrán ẹ̀ han àwọn èèyàn wa, ẹ ó gbọ́: "Kí lèyí? Iwin ni àbí àǹjọ̀nú?" Ẹlòmíì á ní iṣẹ́ òyìnbó ni, pé àwa ò ṣe irú ẹ̀ rí.

Ọmọbìnrin mẹ́jọ ni wọ́n, wọ́n ga tó ọmọ gidi, wọ́n dúdú, ìyẹ́ ńlá hù lẹ́yìn wọn. Ẹyẹ àti ewé ń fò lókè orí wọn. Ọdún 2017 ni iṣẹ́ náà wà ní Biennale ìlú Venice, ní Ítálì, ìyẹn àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá tí àwọn orílẹ̀-èdè ń kó iṣẹ́ wọn wá, ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní ibùdó tirẹ̀ níbẹ̀. Ìtàn ọmọ ọ̀dọ̀ kan ló wà nídìí ẹ̀. Sim lorúkọ ẹ̀, ọmọ ọdún 10 tó ń sìn nílùú Èkó, tó wá ń fọkàn ara ẹ̀ dá ayé kan tó jẹ́ tiẹ̀ nìkan, níbi tó ti lè fò.

Ẹ tún àwòrán yẹn wò. Kí ló ṣàjèjì níbẹ̀ ju ìyẹ́ lọ? Ọmọ fúnra ẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Mo rí i lọ́jọ́ Sunday kan nílé oúnjẹ ní Sùúrùlérè. Dádì, mọ́mì àtàwọn ọmọ wọn ń jẹ adìẹ, òun jókòó sí tábìlì ọ̀tọ̀, ó gbé ìkókó wọn lẹ́sẹ̀. Bàtà ẹ̀ ju ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu itọ́ ọmọ, tẹlifíṣàn ara ògiri ló sì ń wò, kò tiẹ̀ wo ibi tí oúnjẹ wà. Ó ti mọ̀ pé kò kan òun.

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà láti 2003, Èkó ṣe tiẹ̀ ní 2007. Òfin náà ò fọwọ́ sí i pé ká gba ọmọdé ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílé tí kì í ṣe tẹbí ẹ̀. Ṣé ẹ wá mọ ìdí tí gbogbo wọn fi ń jẹ́ "ọmọ ẹ̀gbọ́n mi láti abúlé"?

Ti pé kì í ṣe tiwa yẹn, àwọn tó ń sọ ọ́ ò tíì wo òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàárín 1910 sí 1914. (Chicago ní Amẹ́ríkà ló wà báyìí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Ọba jókòó, olorì dúró gbagidi lẹ́yìn ẹ̀, ó ga jù ú lọ fíofío. Ta ló rí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ rí lójú ayé? Ọlọ́wẹ̀ ń fi hàn wá ẹni tó di ọba mú ni. Péjú náà yí ohun tójú ń rí padà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tí kò lágbára kankan ni tiẹ̀ gbé ga.

Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú: iṣẹ́ náà rẹwà jù. Èèyàn lè yà á ní fọ́tò, kó kọ "wow" sábẹ́ ẹ̀, kó sì délé kó máa fi ìkó gbá orí ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ tèmi ni, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn òde àríyá ni ǹ bá gbé ọ̀kan nínú wọn dúró sí lọ́jọ́ Sátidé, ká wo iye àwọn ọmọ tó ń pọnmọ tẹ̀lé mádáàmù tó máa dúró wò ó, kí wọ́n tó jágbe mọ́ wọn pé kí ni wọ́n ń wò.