Ínṣì 4 lórí Land Cruiser 80: sípíríǹgì nìkan ò tó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò lè dákẹ́ lórí ohun tí ẹ sọ yìí. Ẹ ní kí ẹni tó ní Land Cruiser 80 ṣáà wọ sípíríǹgì tó ń gbé ọkọ̀ ga ní ínṣì 4, pé abẹ́ ẹ̀ ò ní kan òkúta mọ́. Rárá o. Axle odidi, ìyẹn irin kan ṣoṣo tó so táyà ọ̀tún àti tòsì pọ̀, ló wà níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn. Ara ọkọ̀ ni sípíríǹgì ń gbé. Ikùn differential, ìyẹn ilé jíà tó wú lára axle, ò kúrò níbi tó wà. Táyà ló ń gbé ìyẹn: ẹ bọ́ táyà tó ga ní ínṣì 31, ẹ wọ 33, ínṣì 1 péré lẹ máa rí, torí ìdajì gíga táyà ló wà lábẹ́ axle.

Sítíárì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí ara ọkọ̀ bá ga tó bẹ́ẹ̀, axle iwájú á yí díẹ̀, caster, ìyẹn bí òpó tí táyà iwájú ń yí lé ṣe fì sẹ́yìn, á dínkù. Ẹ yà ní kọ́nà, sítíárì ò ní dá padà fúnra ẹ̀; lójú márosẹ̀, ọkọ̀ á máa yà bàrá. Rọ́bà bíréèkì, èyí tó ń gbé epo bíréèkì lọ sí táyà, ńkọ́? Nígbà tí táyà bá rọ̀ sínú kòtò, á nà tantan bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí.

Ínṣì 2 tó fún táyà 33. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ 4, kó ra ohun tó ń tún caster ṣe àti rọ́bà bíréèkì tó gùn, lọ́jọ́ kan náà tó ra sípíríǹgì.