Àkísà Òǹkọ̀wé

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nílẹ̀ wa, òwe tí wọ́n fi ń pa ọ̀dọ́ lẹ́nu mọ́ ni. Kí ọmọ dìde sọ̀rọ̀ nípàdé ìdílé ní Kàbà tàbí Ìsánlú, àgbà kan á wúkọ́, á pa á, ọ̀rọ̀ bùṣe. N kò fara mọ́ ìlò yẹn. Òwe náà kò sọ pé ọjọ́ orí ló ń bí àkísà. Ẹni tó to aṣọ sápótí fún ogójì ọdún, aṣọ ló ní. Wíwọ̀ ló ń sọ ọ́ di àkísà: kí a wọ̀ ọ́ roko, kí òjò pa á, kí a fọ̀ ọ́, kí a tún un wọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ránnu mọ́ òwe yìí fún àwọn àbúrò mi tó ní àwọn fẹ́ kọ ìwé ìtàn àròsọ. Aṣọ kò ṣòro rí mọ́. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, atẹ̀wé á kó ẹ̀dà 200 fún ọ láìpẹ́, tòun ti èèpo tó ń dán. ISBN pàápàá, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé tó ní díjíìtì 13 yẹn, Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ ti Nàìjíríà ló ń fúnni. Òfin 1970 sì ní kí ẹni tó gbé ìwé jáde kó ẹ̀dà 3 fún wọn. Má fo ìyẹn o. Ṣùgbọ́n ẹni tó fún ọ ní nọ́ńbà kò ka ìtàn rẹ. Ó wá ku ìkójáde ìwé: kánópì, àga, ẹ̀gbọ́n tó ti Àbújá wá ra ẹ̀dà kan ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà, tí kò ní ṣí i láéláé. (Mo ti jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù ibẹ̀ dáadáa, n kò ní purọ́.)

Àkísà òǹkọ̀wé ni ojú ìwé tó kọ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan. Àbúrò kan kọ ọ́ pé: “Inú Ìyá Dúpẹ́ bàjẹ́ gan-an nítorí ọmọ rẹ̀ kò dé láti Lọ́kọ́ja.” Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Kò sì sí Ìyá Dúpẹ́ níbẹ̀. Ó tún un kọ, ó da omijé sí i, ó ní kí ìyá ká ọwọ́ lérí, kó ké pe Ọlọ́run. Ó burú sí i. Ìgbà tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta ló tó wá ní: “Ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì tó ń ti Ọ̀bájánà bọ̀ ti kọjá tán. Bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn ti já èrò sílẹ̀ ní gáréèjì. Ìyá Dúpẹ́ ṣí abọ́ tó fi ìdérí bò, ó mú ẹran kan níbẹ̀, ó dá a padà sínú ìkòkò.”

Ẹran kan péré. Èkejì ṣì wà nínú abọ́. Ó ti ń gbà pé ọmọ kò wá, kò tíì gbà tán. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀dà kejì, èyí tó burú jù, ló ṣe é lóore: ibẹ̀ ló ti rí i pé obìnrin yìí kì í ṣe ẹni tó ń sunkún lójú èèyàn. Bó bá jẹ́ pé tàkọ́kọ́ ló gbé lọ fún atẹ̀wé ńkọ́?

Àwọn ìyá wa ní Bùnú mọ iṣẹ́ yìí. Láyé ijọ́un, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ hun aṣọ ipò, aṣọ pupa tó jẹ mọ́ ìsìnkú olóyè, aṣọ onírun pupa tó ti òkèèrè wá ni wọ́n máa ń tú ní fọ́nrán-fọ́nrán, kí wọ́n tó fi hun tiwọn. Nítorí náà, orí ìwé tí o bá gé kúrò, má pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Tọ́jú rẹ̀ síbì kan. Ó lè jẹ́ pé àpárá kan ṣoṣo ló wúlò níbẹ̀, wàá fa ìyẹn yọ.

Ní ti kíkọ gan-an, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ 300 lóòjọ́, láàárín ọjọ́ 200, ọ̀rọ̀ 60,000 nìyẹn, ó sì ti tó ìwé. Má dúró tún orí kìíní ṣe títí ọdún á fi yí po. Òyìnbó tó ṣe pẹ́ńsù ló ṣe ìrésà. Pius Adésanmí, òǹkọ̀wé ọmọ Ìsánlú, tí gbogbo wa ń fi yangàn nítorí ẹ̀bùn ilé-iṣẹ́ ìwé Penguin tó gbà fún àròkọ ní 2010, ìwé ewì rẹ̀ ti jáde láti 2001: ó ti ń wọ aṣọ rẹ̀ kí ẹ̀bùn tó dé.

Ọ̀ràn èdè ńkọ́? Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ̀rọ̀, àwọn ẹ̀ka èdè ilẹ̀ wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀. Lójú tèmi, jẹ́ kí ẹni tó ń sọ ìtàn sọ Yorùbá tí ará Ìbàdàn lè kà, kí ìyá àgbà inú ìtàn sì sọ Owé rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ nílé. Má túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Òǹkàwé kì í ṣe ọmọ ọwọ́.

Kí o sì jẹ́ kí ẹlòmíràn kà á kó tó dìwé. Ìtàn Ṣẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas kọ, lẹ́tà inú ìwé-ìròyìn Akéde Èkó ló kọ́kọ́ jẹ́, láàárín 1929 sí 1930, àwọn òǹkàwé sì ń kọ̀wé sí i bó ṣe ń jáde. Ìwọ náà, ka orí kan sókè fún ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ jù. Ibi tó bá ti yọ fóònù, fi àmì síbẹ̀.

Bó bá wá tó àkókò láti wá ilé-iṣẹ́ tó máa gbé e jáde, kọ́kọ́ wo irú ìwé tí wọ́n ń ṣe. Àkékúrú ìtàn tí o máa fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ bí ìtàn ṣe parí. Má fi ìyẹn pa wọ́n lálọ̀ọ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní kí o mú owó wá, atẹ̀wé ni, orúkọ yòówù kó máa jẹ́. Kò burú láti lo atẹ̀wé, ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé òun lo lò. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 2022 fún ọ ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ àti 70 ọdún lẹ́yìn rẹ, nítorí náà ka àdéhùn yẹn tán kí o tó fọwọ́ sí i. Bi wọ́n pé, bí ìwé bá tán lórí igbá tí wọn kò tún un tẹ̀, ìgbà wo ni ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ máa padà di tìrẹ? Kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.