Ẹ jẹ́ kí ìyàwó Kàkò náà ní ìwé tirẹ̀

Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí.

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938 wà lára ìwé tí a kà. Olùkọ́ wa a máa kà á sókè fún wa, a ó sì máa fetí sílẹ̀ bí ẹni tó wà nídìí àlọ́. Lọ́jọ́ tó kà á dé ibi tí Àkàrà-Oògùn, ọdẹ tó ń ròyìn ìtàn náà, ti lọ pe Kàkò Oníkùmọ̀ Ẹkùn kí wọ́n jọ lọ sí Òkè Láńgbòdó tí ọba rán an lọ, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú wa pé Kàkò á lọ. Akọni ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wà nílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi òun sílẹ̀. Inú bí Kàkò, ó sì pa á. Obìnrin yẹn ń ké pe ọkọ rẹ̀, ó ń fi oyè akọni rẹ̀ pè é, títí ẹ̀mí fi bọ́. Àwọn ọdẹ bá bọ́ sọ́nà.

Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tún rí ìwé náà. Mo ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́ nílé àwọn òbí mi nítorí pé ìgbéyàwó tèmi ti kù ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo bá jókòó sórí àpótí, mo ń kà á. Nígbà tí mo débẹ̀, mi ò lè ṣí ojú ewé kejì. Aṣọ òkè tí mo fẹ́ wọ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì níwájú mi. Mo ń wo ó, mo ń ro ti obìnrin yẹn: ta ló dirun fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà? Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ta ló lọ sọ fún un? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ pé nínú gbogbo ẹni tó wà nínú ìwé Yorùbá tí mo ti kà, kò sẹ́ni tó yẹ kó ní ìwé tirẹ̀ tó obìnrin yìí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò bá Fágúnwà jà. Bàbá ni fún gbogbo wa tí a ń fi èdè yìí kọ nǹkan, òun gan-an ló sì kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nínú ìwé àkọ́kọ́ yẹn, bàbá Àkàrà-Oògùn kò pẹ́ lójú ìwé rárá tó fi kọjá. Nígbà tó di 1949, Fágúnwà yí padà sí i, ó fún un ní odindi ìwé: Igbó Olódùmarè. Olówó-ayé, bàbá tí ọmọ rẹ̀ kàn sọ díẹ̀ nípa rẹ̀ fún wa, wá di ẹni tí àwa náà bá rìnrìn àjò. Ìyá Àkàrà-Oògùn ńkọ́? Ó di àgbọ̀nrín, ó wá jẹ ilá lóko, ọkọ rẹ̀ yìnbọn fún un. Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè nípa rẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n máa sọ ni pé àjẹ́ ni. Ó ń dùn mí. Ó dùn mí bákan náà nípa Adétutù, ẹrú tó lóyún tí Ẹfúnṣetán ní kí wọ́n pa nínú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Gbogbo ayé mọ ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu Ẹfúnṣetán jáde. Ti Adétutù dà?

Àwọn ẹlòmíì ti ṣe irú nǹkan tí mo ń sọ yìí. Nínú Jane Eyre, ìwé ìtàn kan tó jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1847, obìnrin kan wà tí ọkọ rẹ̀ tì mọ́ yàrá òkè, tí wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ariwo rẹ̀ là ń gbọ́, a ò gbọ́ tẹnu rẹ̀. Jean Rhys, ọmọ erékùṣù Dominica, kò gbà. Ní 1966 ó gbé Wide Sargasso Sea jáde, obìnrin náà sì fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ayé rẹ̀ láti kékeré. Ọdún 119 ló fi dúró de ẹni tó máa gbọ́ ọ. Mi ò fẹ́ kí tiwa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó sì ń mú orí mi wú ni pé àwa ò ní láti lọ yá ohùn tí ìyàwó Kàkò máa fi sọ̀rọ̀ níbì kankan. Ọdẹ ní ìjálá, ìyàwó ní ẹkún. Ní agbègbè Ọ̀yọ́, ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ a sun ẹkún ìyàwó: a dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, a tọrọ àdúrà lọ́wọ́ bàbá, a sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù níbi tó ń lọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a sì máa tẹ̀ lé e. Ẹkún yẹn ni kí ìwé náà fi bẹ̀rẹ̀.

Ikú rẹ̀ náà kò sì ní kó má lè sọ̀rọ̀. Ṣebí a ní àkúdàáyà? Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé a lọ tẹ̀dó sí ìlú mìíràn, a ṣòwò, a bímọ, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá sì dé, a pòórá. Ẹ wò ó níbi tó ti ń ta ẹ̀kọ lọ́jà ìlú tó jìn. Àlejò kan jókòó, ó ń ròyìn àwọn ọdẹ méje tó lọ sí Òkè Láńgbòdó, àwọn èèyàn pé lé e lórí, ó sì kan ibi tirẹ̀. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe kọjá lórí ikú rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo fẹ́ kí ẹnìkan kọ ibẹ̀ yẹn kó tó kú mọ́ mi lọ́kàn. Kì í ṣe pé ẹni tó bá fẹ́ lè ṣe é bó ṣe wù ú o. Fágúnwà kú ní December 1963, òfin Nàìjíríà sì ń dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, títí dé òpin 2033. Ẹ lọ bá àwọn tó ni ẹ̀tọ́ ìwé náà, kí ẹ gba àṣẹ. Soyinka ti túmọ̀ ìwé yìí sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Wálé Ògúnyẹmí ti gbé ìrìn àjò náà sórí ìtàgé fún FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní 1977. Ẹ̀yin akéwì, ẹ̀yin tí ẹ ṣì gbọ́ ẹkún ìyàwó lẹ́nu ìyá àgbà yín, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé Yorùbá jáde nínú owó tí kò tó: mo ti ṣetán láti ra ẹ̀dà mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí n sì pín in fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́.

Ní tèmi, mo ti sọ ọ́ lórúkọ, kí n má baà máa pè é ní ìyàwó Kàkò títí ayé. Àbẹ̀ní ni mo ń pè é. Ẹni tó yẹ kí wọ́n bẹ̀ kí wọ́n tó ní.